Àsíá Kíká, Orin Ìlà Mẹ́fà

Àsíá pupa náà wà lórí tábìlì ní àgọ́ ọlọ́pàá, kíká bí ẹní ẹni tó ti jí. Igi rẹ̀ ti dá sí méjì. Kọ́pùrù mú bírò, ó fi ń gún un bí ọmọdé ṣe ń gún ejò tó ti kú.

"Màmá, ẹ fojú ara yín rí i," ó wí. "Báyìí ni mo ṣe bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò yín láàárọ̀ àná, kíká. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí ni pé kó na àsíá kí mọ́tò dúró, káwọn ọmọ ilé-ìwé lè sọdá. Kò nà án. Ó ká a há abíyá, ó sì rìn gberegbere bọ́ sáàárín títì nínú kùrukùru. Ẹni tó gbá a jẹ̀bi pé ó sá lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fa ìjàǹbá yẹn gan-an, àbúrò yín ni."

Orí mi gbóná.

"Ọdún mọ́kànlá!" mo pariwo. "Ọdún mọ́kànlá ló fi dúró níbẹ̀, ọmọ kan ò fi èékánná họ títì lójú ẹ̀! Ó wà lọ́sibítù, ẹsẹ̀ méjèèjì nínú sìmẹ́ńtì, wọ́n fi báńdéèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ pa, kò lè sọ tẹnu ẹ̀. Ẹ wá ń bá a sọ ọ́!"

"Màmá, ẹ rọra."

"Mi ò rọra! Ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ sọ fún pé kó rọra, ẹ ò sọ fún un!"

Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní lọ́la lọ́sàn-án làwọn máa pa fáìlì náà dé, ó ní ọ̀gá ilé-ìwé ti kọ lẹ́tà sílẹ̀: Bàbá Alásíá kò ní fọwọ́ kan àsíá mọ́, nítorí àìbìkítà rẹ̀ ì bá pa ọmọ ọlọ́mọ. Àìbìkítà! Ọkùnrin tó máa ń so okùn bàtà fún ọmọ tí kì í ṣe tiẹ̀ kó má baà kọsẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fẹ́ fún un nígbà tí kò lẹ́nu láti jẹ́ ẹ nìyẹn.

"Ta ló tú àsíá yìí wò?"

Ẹnu ọ̀nà ni ohùn náà ti wá. Obìnrin kan ni, kúkúrú, bàtà pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀, báàgì lápá. Inspẹ́kítọ̀ ni, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ni tàgbàtèwe ń pè é. Tó bá ń rìn, ẹ ó rò pé ẹyin ló kó sínú bàtà. Kì í wọkọ̀ àfi tó bá di dandan, síbẹ̀ wọ́n ní kò sí olè tó yára tó tí kì í bá a níwájú.

"Kí ni màá tú u fún, Ọ̀gá?" Kọ́pùrù dáhùn. "Kíká ni. Ẹ̀rí ti sọ̀rọ̀."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ gbé àsíá náà sínú báàgì rẹ̀, ó jókòó tì mí.

"Màmá, kí lẹ gbọ́ lánàá?"

"Họ́ọ̀nù ní kọ́nà. Lẹ́yìn náà, gbàáà."

"Láàárín méjèèjì ńkọ́?"

"Orin mi."

Kọ́pùrù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ò rẹ́rìn-ín.

"Orin tó gùn tó báwo?"

Mo ṣàlàyé fún un. Iṣẹ́ ọ̀nà gbígbá ni mo ń ṣe. Àwa mẹ́rin la ń gbá títì yẹn, láti kọ́nà dé iwájú ilé-ìwé títí lọ, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó lè ka máàpù tí káńsù kó fún wa. Orin la fi pín ọ̀nà. Ogún ìgbà tí mo bá kọ orin mi tán, mo ti gbálẹ̀ láti òpó iná kan dé èkejì. Orin yẹn ò gbọ́dọ̀ yá, kò gbọ́dọ̀ falẹ̀. Ẹni tó bá sáré kọ ọ́, àwọn yòókù á ti mọ̀ pé ó fẹ́ rẹ́ wa jẹ.

"Ẹ kọ ọ́ kí n gbọ́."

Bí mo ṣe wà nínú ìbínú yẹn, mo kọ ọ́. Orin ò mọ̀ pé inú ń bí ni.

*Ìgbálẹ̀ mi, bá mi gbá a,*
*Ewé gbígbẹ, yà lọ́nà,*
*Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ń bọ̀ wá,*
*Ọmọ kékeré ń bọ̀ wá,*
*Ilé ò sá, oko ò sá,*
*Ẹ jẹ́ á rọra débẹ̀ o.*

"Àbúrò mi ló máa ń gbè é láti ọ̀hún," mo ní. "Tí mo bá ti parí ẹ̀, á ní, 'Rọra o!' Láràárọ̀."

"Lánàá, ibo lẹ kọ ọ́ dé?"

"Họ́ọ̀nù dún ní kọ́nà bí mo ṣe ń mú ìlà kìíní. 'Ewé gbígbẹ, yà', ibẹ̀ ni mo wà tó fi dún gbàáà. Mi ò rí 'lọ́nà' pè. Mo gbójú sókè, ẹ̀yìn ọkọ̀ funfun ńlá kan ni mo rí, kùrukùru sì gbé e mì. Mo sáré lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rántí nǹkan kan títí ọkọ̀ ọsibítù fi dé."

"Nǹkan kan?"

"Àfi bàtà ẹ̀ kan tó ti fò lọ jìnnà lọ́hùn-ún."

Ó dìde. "Ẹ bá mi ká lọ, Màmá. Ẹ jẹ́ n yá orin yín lò."

Bí èmi náà ṣe dìde, mo rí i tó ń wo orí bẹ́ńṣì tí mo jókòó sí. Aṣọ ìnulẹ̀ kan ti wà níbẹ̀ ní wúruwùru nígbà tí mo dé. Ní báyìí, wọ́n ti ká a, etí pàdé etí. Mi ò mọ ohun tó ń wò.

Oníbúrẹ́dì kan tí wọ́n ti mú lórí ọ̀rọ̀ náà wà nínú àtìmọ́lé, ìyẹ̀fun ṣì wà lójú irun ìpéǹpéjú ẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ funfun, iná iwájú rẹ̀ kan ti fọ́. Ìdí tí Kọ́pùrù fi mú un kò ju ìyẹn lọ.

"Kí ló fọ́ iná rẹ?" Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ bi í.

"Géètì ilé búrẹ́dì ni, Ọ̀gá! Mo fẹ̀yìn wọlé, mo fojú jáde, mo gbá géètì. Ìyàwó ọ̀gá mi bú mi débi pé ajá àdúgbò dákẹ́ láti gbọ́. Ẹ lọ bi í!"

"Irọ́ ni!" Kọ́pùrù fi ọwọ́ gbá irin ilẹ̀kùn. "O gba títì ilé-ìwé kọjá lánàá."

"Mo gbà á. Aago méje ti lù kí n tó gbà á. Èrò ti pé bo ibẹ̀ kí n tó dé, mo rọra kọjá. Ṣé torí pé mo sunkún nígbà tẹ́ ẹ mú mi lẹ ṣe ní mo jẹ̀bi? Ọkùnrin kì í sunkún ni?"

"Ta lo gbé búrẹ́dì fún?" Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ní.

"Ilé ìdáná ọsibítù. Ọgọ́ta."

"Gbígbóná?"

"Tààrà látinú ààrò. Ó rọ̀ bí ìrọ̀rí. Àwo lórí àwo la máa ń tò ó."

"Tí o bá sáré yí kọ́nà yẹn?"

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n bi bóyá omi máa ń tutù. "Ọ̀gá, búrẹ́dì ò ní dé o. Gbogbo ẹ̀ á ṣubú lura wọn, á di pẹlẹbẹ bí bàtà yín yẹn. Ẹ dárí jì mí."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó fóònù ilé ìdáná ọsibítù níbẹ̀ níbẹ̀. Ọgọ́ta búrẹ́dì ló dé, kò sí ìkankan tó tẹ̀.

"Kọ́pùrù, bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, orin Màmá ló máa sọ ọ́," ó ní. "Gbé mọ́tò jáde. Lọ dúró lẹ́yìn kọ́nà."

Bí a ṣe dé títì, mo rí àpò sìmẹ́ńtì kan tí afẹ́fẹ́ gbé sójú ọ̀nà. Mo mú un, mo gbọ̀n ọ́n, mo ká a, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ń wo ọwọ́ mi bí ẹni ń wo àwòrán.

Ó dí ọ̀nà náà lápá kejì, ó dúró síbi tí àbúrò mi dúró sí. Àpá ẹ̀jẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, èmi gan-an ni mo da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Mo dúró síbi tí mo wà lánàá.

Lẹ́ẹ̀kíní, Kọ́pùrù tẹ họ́ọ̀nù ní kọ́nà, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bí òfin ṣe wí fún ọ̀nà ilé-ìwé. Mo bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe ní "débẹ̀ o", bẹ́ẹ̀ ni imú mọ́tò kọjá lára Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́. Ìlà mẹ́fà, géérégé.

"Yára díẹ̀!" ó pariwo.

Lẹ́ẹ̀kejì, ìlà mẹ́ta.

"Mo ní yára!"

Ẹ̀rín ti wà lẹ́nu Kọ́pùrù. Kò tíì pẹ́ tí ọmọ yẹn gba ìwé ọkọ̀, eré sì wà lẹ́jẹ̀ ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbọ́ táyà tó han ní kọ́nà, mo ní "Ìgbálẹ̀ mi, bá mi gbá a, ewé gbígbẹ, yà", mọ́tò ti kọjá fìì, ó gbé gèlè mi lọ. Mo lọ ṣà á nílẹ̀.

Kọ́pùrù sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu ẹ̀.

"Kí ni abẹ́rẹ́ eré inú mọ́tò wí?" Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ bi í.

"Ó ti kọjá àádọ́rùn-ún, Ọ̀gá." Ó nu ojú. "Mo rí yín níbi tẹ́ ẹ dúró sí, mo tẹ bíréèkì. Ẹ wo ibi tí mo ti wá dúró."

A wò ó. Ó ti kọjá géètì ilé-ìwé, ó ti kọjá òpó iná kan.

"Ọkọ̀ búrẹ́dì yẹn lè sá eré yìí?"

"Tó bá lé ní ọgọ́ta, á tú ká." Ó tẹrí ba. "Oníbúrẹ́dì kọ́ ni."

"Ẹ wò ó," mo ní, "funfun ni bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ ọṣẹ. Ẹ̀yìn wọn tóbi. Mẹ́ta ni wọ́n, ọ̀nà yìí ni wọ́n máa ń gbé òṣìṣẹ́ gbà. Àwọn ni mo máa ń sá fún láràárọ̀."

"Mo bi wọ́n lánàá," Kọ́pùrù sọ kíá. "Méjì nínú wọn ò tíì dé ìhín nígbà yẹn, èrò ń bẹ níbí tó rí wọn nígbà tí wọ́n dé. Ìkẹta, èyí tí wọ́n ń pe awakọ̀ rẹ̀ ní Ìjì, ọ̀nà afárá ló gbà. Mo bi èrò inú ẹ̀ méjìlá. Gbogbo wọn ló ní, 'Ọ̀nà afárá la gbà lónìí nítorí kùrukùru.'"

"Báyìí gan-an? Gbogbo wọn?"

"Ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀, Ọ̀gá."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ mi orí. "Tọkọtaya jẹun nínú abọ́ kan, tí o bá bi wọ́n bí ọbẹ̀ ṣe rí, ìjà á dé. Èèyàn méjìlá wá ń sọ gbólóhùn kan ṣoṣo? Kọ́pùrù, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí, orin ẹgbẹ́ ni. Ẹnì kan ló dá a, àwọn yòókù gbè é." Ó wo aago. "Lọ wa ọ̀nà afárá yẹn fún mi, láti ibùdó tí bọ́ọ̀sì ti ń gbéra títí dé ilé-iṣẹ́ ọṣẹ. Lẹ́ẹ̀kan jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tí oyin ń lé. Ká pàdé níbẹ̀ lọ́sàn-án."

A fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà ń pariwo, òórùn ọṣẹ gba inú afẹ́fẹ́ kan. Àkókò ìsinmi ni, àwọn òṣìṣẹ́ wà níta.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni àga kan nídìí géètì. Wọ́n kun ún ní ọ̀dà wúrà, wọ́n fi tìmùtìmù sí i, fáànù ń fẹ́ sí i lórí. Lókè rẹ̀, pátákó dúdú kan tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé sí.

"Kí nìyí?" Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ bi aṣọ́nà.

Aṣọ́nà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Pátákó Àkọ́dé ni, Ọ̀gá. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni bọ́ọ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń gbéra pọ̀. Awakọ̀ tó bá kọ́kọ́ dé, màá kọ orúkọ ẹ̀ àti aago ẹ̀, àga yìí á di tiẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn fi ṣú. Ọjọ́ Sátidé la máa ń nu pátákó. Ìjì ló ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́! Àwọn èrò ẹ̀ a máa pàtẹ́wọ́ wọlé."

Mo wo àga yẹn. Nítorí àga! Ẹsẹ̀ àbúrò mi méjèèjì, nítorí àga tó ní tìmùtìmù!

Kọ́pùrù dé, ó sọ nǹkan sí ọ̀gá rẹ̀ létí. Lẹ́yìn náà, wọ́n pe Ìjì. Ó ń fi kọ́kọ́rọ́ pòòyì lórí ìka bó ṣe ń bọ̀, ó ti gbé gíláàsì dúdú sókè orí. Àwọn awakọ̀ méjì yòókù tẹ̀ lé e, àwọn òṣìṣẹ́ sì pagbo. Lẹ́yìn rẹ̀, bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń dán bí ọmọ tuntun. Irin iwájú rẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ dáadáa.

"Ẹ káàsán, Ọ̀gá wa. Wọ́n ní ẹ ń béèrè mi."

"Ọ̀nà wo lo gbà láàárọ̀ àná, ọmọ mi?"

"Ọ̀nà afárá la gbà nítorí kùrukùru."

Mo kà á lórí ìka mi. Ìkẹtàlá.

"O ṣeun," Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ní. "Ẹni tó rọra nínú kùrukùru, ọlọ́gbọ́n ni. Irin iwájú ọkọ̀ rẹ ńkọ́, tó ní ọ̀dà tútù?"

"Ó ti dípẹtà, Ọ̀gá. Èmi kì í fẹ́ ìdọ̀tí."

"Bó ṣe yẹ nìyẹn." Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé pélébé rẹ̀. "Ìyẹn ni pé kì í ṣe ìwọ lo kọ́kọ́ dé lánàá."

Kọ́kọ́rọ́ dúró lórí ìka Ìjì.

"Ta ní wí bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀nà afárá jìn. Ó dájú pé ẹlòmíràn ló jókòó lórí àga."

Awakọ̀ kejì, ọkùnrin sísanra kan, lu ikùn rẹ̀ gbìn-gbìn. "Ẹ gbọ́! Ẹ gbọ́ ohun tí Màdáámù wí! Tèmi ni àga yẹn lánàá, ọmọ yìí jí mi lólè!"

"Pa ẹnu ẹ dé, ìgbín!" Ìjì ní. "Ọ̀gá, ẹ wo pátákó! Aṣọ́nà, sọ fún wọn!"

Aṣọ́nà gbé ìka lé e. "Ìjì. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ojú mi ló wà lára aago."

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún látibẹ̀ wá," Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ sọ jẹ́jẹ́. "Kọ́pùrù, ọ̀nà afárá."

"Ogójì ìṣẹ́jú, Ọ̀gá. Nígbà tí mo sáré bí wèrè, ọgbọ̀n ku ẹyọ kan."

Àwọn òṣìṣẹ́ wo ara wọn lójú.

"Ọmọ mi, ohun méjì ló kù," Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ní. "Bóyá aṣọ́nà ṣìwé. O gba ọ̀nà afárá, o pẹ́, kò kọ ọ́ bó ṣe rí. Kò sí ohun tó burú, màá kọ ọ́ sílẹ̀. Tàbí pátákó sọ òótọ́, ọ̀nà ilé-ìwé lo sì gbà. Èwo ni? Sọ ọ́ fún mi, kí gbogbo ayé gbọ́, pé o pẹ́ lánàá."

Ìjì wo pátákó, ó wo agbo.

"Sọ ọ́ jàre!" awakọ̀ sísanra yẹn pariwo, ẹ̀rín ti fẹ́ pa á. "Ìjì pẹ́ o! Ìjì di atẹ́gùn yẹ́ẹ́! Orí ìjàpá ló jókòó sí wá!"

Agbo rẹ́rìn-ín. Mo rí iṣan ọrùn ọmọ náà tó wú.

"Pẹ́?" ó ké. "Èmi? Láti ọjọ́ tí mo ti dì sítíárì mú, mi ò pẹ́ rí! Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún géérégé, kùrukùru ò kùrukùru! Ta ló tún lè ṣe é nínú yín? Ta ni?"

Ó wò yíká, ó ń retí àtẹ́wọ́. Ẹnu ẹ̀ ṣì wà ní yíyà bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n gbàgbé tì, kó tó yé e.

Ẹ̀rín tán. Obìnrin kan nínú àwọn tó ń di ọṣẹ sínú bébà bú sẹ́kún.

"Àwa ni," ó ní. "Àwa la ń sọ fún un. 'Gbá a lọ, Ìjì! Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá wa!' Mo pàtẹ́wọ́. Nígbà tó dún, Ìjì ní ajá ni. Gbogbo wa ní ajá ni. A fẹ́ kó jẹ́ ajá."

"Ajá máa ń wọ bàtà?" mo bi í.

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ṣùgbọ́n mo ti bọ́ sáàárín agbo.

"Èmi ni ẹ̀gbọ́n ajá yẹn! Ọdún mọ́kànlá ló fi ń mú àwọn ọmọ yín sọdá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró níbí! Tí awakọ̀ bá rọra, ẹ óò pè é ní ọ̀lẹ. Tó bá sáré, ẹ óò pè é ní akọni. Ẹ wá di ohun tẹ́ ẹ máa sọ pọ̀ bí ẹ ṣe ń di ọṣẹ! Ọṣẹ tẹ́ ẹ ń ṣe níbí pọ̀, ẹ bu díẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ fi wẹ ẹnu!"

Kò sẹ́ni tó lè wò mí lójú.

Ìjì ti fẹ̀yìn ti ọkọ̀ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n kò na àsíá," ó ń kùn. "Kọ́pùrù fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ lánàá. Kíká ni wọ́n bá a. Tó bá nà án ni, ǹ bá rí i. Ẹ̀bi ẹ̀ ni!"

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ṣí báàgì. Ó gbé àsíá náà lé orí ìdérí ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì, ó yí i síwá sẹ́yìn kí gbogbo wa rí i. Ìta rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ó rọra tú u.

Lórí aṣọ pupa náà, láti etí kan dé ìkejì, àpá táyà dúdú gba àárín kọjá bí àkàbà. Kò já níbì kan. Ó pe Kọ́pùrù kó fi aṣọ náà wé táyà iwájú ọkọ̀. Àkàbà bá àkàbà mu.

"Táyà ò lè wọ inú aṣọ kíká," Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ní. "Nínà ni aṣọ yìí wà nígbà tí ọkọ̀ rẹ gùn ún. O rí i, tàbí o ò rí i, ìkan ni lójú mi: ẹni tó ń sá eré àádọ́rùn-ún nínú kùrukùru ti pinnu pé òun ò ní rí nǹkan kan."

"Ta ló wá ká a?" Kọ́pùrù bi í.

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ò wo ẹnikẹ́ni. "Ẹni tó ká a gbọn eruku ẹ̀ kúrò. Ó jẹ́ kí etí pàdé etí. Ẹni tó gbá èèyàn, tó sì ń sá lọ, kì í ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lè rí aṣọ nílẹ̀ títì kó má mú un ni."

Mo wo ọwọ́ mi. Gèlè tí eré Kọ́pùrù gbé lọ láàárọ̀, tí mo lọ ṣà, ó wà níbẹ̀. Mo ti ká a.

Gbogbo ẹ̀ padà wá lẹ́ẹ̀kan. Kùrukùru. Àbúrò mi nílẹ̀. Àsíá ẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo ń pariwo orúkọ ẹ̀, ọwọ́ mi sì ń ṣe iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ọ̀pọ̀ ọdún wá: ó mú un, ó gbọ̀n ọ́n, ó ká a, ó tẹ́ ẹ tì í. Àwa agbálẹ̀ kì í fi aṣọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Èmi ni," mo ní. "Olúwa mi, èmi ni mo ká a. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kó o sábẹ́ ẹ̀bi."

"Ọwọ́ rere ló ká a, Màmá," Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ní. "Mo ti fura látorí bẹ́ńṣì lọ́fíìsì. Tí mo bá sọ ọ́ fún yín, lọ́ọ́yà Ìjì á ní èmi ni mo fi í sí yín lẹ́nu. Mo ní kí ọwọ́ yín rántí fúnra ẹ̀." Ó wá yíjú sí Kọ́pùrù, àfi ìgbà yẹn ni mo gbọ́ tí ohùn ẹ̀ le. "Ìwọ lo ní ẹ̀rí ti sọ̀rọ̀. O fi bírò gún un, o ò tú u. Ìwọ náà ń sáré."

Kọ́pùrù fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Ìjì lọ́wọ́. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ tún ní kó gbé àga wúrà yẹn lé orí kó rù ú dé àgọ́. Ó ní ẹ̀rí ni. Ọ̀nà jìn, ó sì fẹsẹ̀ rìn ín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, fáìlì tí wọ́n fẹ́ pa dé ti di òmíràn, orúkọ Ìjì ló wà lókè ẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé fúnra ẹ̀ ló fa lẹ́tà rẹ̀ ya níwájú bẹ́ẹ̀dì àbúrò mi. Mo jẹ́wọ́ ohun tí ọwọ́ mi ṣe fún un. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó fi ìka méjì lu irin bẹ́ẹ̀dì, kò, kò, bó ṣe máa ń fi "Rọra o" gbe orin mi.

Títí ẹsẹ̀ ẹ̀ yóò fi san, èmi ni mo ń na àsíá.

Ọjọ́ Mọ́ńdè tí mo bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ họ́ọ̀nù ní kọ́nà. Mo bọ́ sáàárín títì, mo na àsíá tuntun, mo mú ìlà kìíní. Ìlà kẹta ni mo wà nígbà tí bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ ọṣẹ han bíréèkì, tó dúró síwájú mi, kò ju gígùn ìgbálẹ̀ lọ. Awakọ̀ sísanra yẹn ló wà nídìí ẹ̀.

Ẹnì kan yọrí lójú fèrèsé. "Màmá, kò sí ọmọ kankan lọ́nà! Ẹ jẹ́ ká kọjá, a ti pẹ́!"

Mo wò ó. Mi ò sọ àsíá kalẹ̀. Mo mú ìlà kẹrin bó ṣe yẹ, mi ò yá a, mi ò fà á. Mo mú ìkarùn-ún. Nígbà tí mo dé "débẹ̀ o", mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì ní kí wọ́n máa lọ.

Wọ́n rọra kọjá, mo rí ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.